Mo Gba Koríko, Mo Ṣì Ń Bèèrè Bíríkì

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á láàbọ̀. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Ara mi ni mo fẹ́ bá wí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ, torí ojú yín ni mo ti ṣe àṣìṣe náà.

Àwọn tó wà ní ìsìn Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa jọ́sìn lórí Facebook láti ọ̀nà jíjìn kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ń wò mí nígbà tí mo ń ṣe é. Arábìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún mi láyè láti sọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ o.

Ìjọ wa ní Alákìá níbí ní kọ̀ǹpútà kan, desktop, tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó dára. Òun ló ń gbé orin àti ẹsẹ Bíbélì sójú ògiri, òun ló ń gba ìwàásù sílẹ̀, òun náà ló ń gbé ìsìn sórí Facebook. Láti ọjọ́ tí a ti rà á, kò fún wa ní wàhálà. 8GB ni RAM inú rẹ̀, ẹyọ méjì, 4GB àti 4GB.

Kọ̀ǹpútà kejì wà ní ọ́fíìsì, èyí tí akọ̀wé wa fi ń ṣe ìṣirò owó àti lẹ́tà. Ìyẹn ní 2GB péré, akọ̀wé sì ti ń ráhùn tipẹ́. Nígbà tí ayẹyẹ ọdún ìjọ ń bọ̀, tí owó ń jáde lọ́tùn-ún lósì, mo dá ọgbọ́n kan. Mo pe ẹnjiníà tó ń bá wa tún ẹ̀rọ ṣe. Mo ní, "Ṣé irú RAM kan náà ni méjèèjì ń lò?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "Yọ ẹyọ kan nínú ti gbọ̀ngán, kí o fi sí ti ọ́fíìsì. A ò ní ra nǹkan kan."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Dádì, ó máa fà o. Iṣẹ́ tí ẹ ń gbé lé eléyìí pọ̀."

Mo ní, "Ṣebí ó máa tàn?"

Ó ní, "Ó máa tàn, sà."

Mo ní, "Ó ti tán nìyẹn."

Ó sì tàn lóòótọ́. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó ṣí orin kan, orin náà jáde lójú ògiri. Inú mi dùn. Mo tilẹ̀ ń yin ara mi lọ́kàn pé olórí tó mọ owó ṣọ́ ni mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mi ò rò pé ó tó ohun tí ènìyàn ń sọ.

Nínú òye tèmi nígbà náà, mẹ́mórì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù sí. Mo sì mọ̀ pé hard disk ẹ̀rọ náà jẹ́ 500GB, kò tíì kún dé ìdajì. Mo ní kí ni 4GB lára ẹni tó ní 500? Bí ìwọ náà bá ń rò bẹ́ẹ̀, dúró, a óò dé ibẹ̀.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ akọrin ti wà ní ẹsẹ kejì, ẹsẹ kìíní ṣì wà lójú ògiri. Mo pe ẹsẹ Bíbélì, kò yọ. Nígbà tó máa yọ, mo ti kà á tán nínú Bíbélì ọwọ́ mi. Àwọn tó ń wò wá láti Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé ohùn ń já, pé àwòrán dúró sójú kan. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngán. Arábìnrin yìí ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, bó ṣe ń jókòó síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọ. Mo gbé máìkì sẹ́nu, mo ní ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ Olúwa kò gbọdọ̀ máa sùn o. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìn ó wá bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, kọ̀ǹpútà yìí ò rí bó ṣe máa ń rí mọ́."

Mo ní, "Ẹ̀rọ kọ́, ọmọ mi. Ọkàn rẹ ni kò sí níbẹ̀. Ṣé o ṣì ń gbàdúrà?"

Ní Sọ́ńdè kejì, agogo mẹ́fà àárọ̀ ló ti dé. Ó ti pa àwọn fídíò àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú hard disk kí àyè lè wà. Kò yí nǹkan kan padà. Ó tún wá sọ fún mi, lọ́tẹ̀ yìí mo bá a lọ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: mo da òróró sọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ lé CPU, mo sì bá ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn wí. Ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn wo? Ọwọ́ tó ní kí wọ́n yọ RAM náà ni mo gbé lé e.

Sọ́ńdè kẹta ni mo wá ṣe èyí tó burú jù. Àlejò wà nínú ilé lọ́jọ́ náà. Orin ìyìn ń lọ, ojú ògiri dúró pátápátá. Mo dá orin dúró, mo pe arákùnrin mìíràn níwájú gbogbo ìjọ pé kó lọ gba ìdí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Arábìnrin náà dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sórí ìlà tó kẹ́yìn. Kò gbé orí sókè títí a fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Arákùnrin tó gbà á kò sì ṣe dáadáa jù ú lọ. Ó yẹ kí ìyẹn là mí lójú, kò là mí lójú. Mo ní òun náà ni kò tíì mọ̀ ọ́n lò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo fẹ́ sinmi díẹ̀ nínú iṣẹ́ mídíà." Mo fèsì pé Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́. Ìyàwó mi bi mí pé, "Ṣé ẹ ti jókòó ti ọmọ yìí, kí ẹ bi í ní ohun tó ń rí níbẹ̀?" Mo ní kí ni mo fẹ́ bi í? Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan. Mo kàn dá a ni.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó sídìí ẹ̀rọ mọ́. Ta ló fẹ́ kí wọ́n bú òun lórí máìkì? Nígbà tí akọrin ń ṣe ìdánrawò, èmi fúnra mi lọ jókòó síbẹ̀.

Mo ṣí ètò orin, ó ṣí. Mo ṣí Bíbélì, ó ṣí, ṣùgbọ́n ó ń fà. Mo ṣí íntánẹ́ẹ̀tì láti ṣètò Facebook, mo ṣí èyí tó ń gba fídíò. Ibẹ̀ ló ti dúró. Mo tẹ máòsì, kò dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ó dáhùn márààrún lẹ́ẹ̀kan náà, orin fò lọ síbi tí mi ò rán an. Iná kékeré iwájú CPU tó máa ń ṣẹ́jú, kò ṣẹ́jú mọ́, ó tàn sílẹ̀ gbọin. Mo ń gbọ́ hard disk nínú tó ń dún kírí-kírí-kírí bí eku tó ń jẹ àgbàdo. Àwọn akọrin ń wò mí. Òógùn bò mí, fáànù sì ń fẹ́ o. Mo ní nínú ọkàn mi, bó bá jẹ́ pé Sọ́ńdè nìyí, tí ẹnìkan wà lókè yẹn tó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà, kí ni ǹ bá ṣe?

Mo pe ẹnjiníà lórí fóònù. Ó ní kí n tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀. Ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní Task Manager yọ. Ó ní, "Dádì, kí ni ẹ rí níwájú Memory?" Mo ní 96%. Ó ní, "Disk ńkọ́?" Mo ní 100%. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo sọ fún yín."

Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe yé mi, torí ọ̀pọ̀ yín ló ní kọ̀ǹpútà nílé àti níbi iṣẹ́.

Ẹ wo ìyá olóúnjẹ. Ó ní tábìlì níwájú rẹ̀, níbi tó gbé àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran sí. Ó tún ní yàrá ẹ̀yìn tó ń kó àpò èlùbọ́ àti ìyókù ẹrù sí. Hard disk ni yàrá ẹ̀yìn, RAM ni tábìlì. Ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn á wà níbẹ̀ bí ìyá bá tilẹ̀ lọ sílé lọ sùn. Ti orí tábìlì, pípalẹ̀mọ́ ni wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí o kò tíì fi pamọ́ fi ń sọnù bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì. Ṣùgbọ́n orí tábìlì nìkan ni ìyá ti lè bu oúnjẹ fún oníbàárà. Bí yàrá ẹ̀yìn bá tóbi bíi gbọ̀ngán, kò sọ tábìlì di ńlá. 500GB tí mo gbójú lé, yàrá ẹ̀yìn ni. Fídíò tí arábìnrin náà pa rẹ́, yàrá ẹ̀yìn ló gbá.

Bí o bá wá gé tábìlì ìyá sí méjì ńkọ́? Kò ní ti ilé oúnjẹ pa. Ohun tí kò bá gbà lórí tábìlì, á gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Oníbàárà kan fẹ́ gbẹ̀gìrì, á gbé ewédú wọlé kó tó rí àyè gbé gbẹ̀gìrì jáde. Èyí tó tẹ̀lé e fẹ́ ewédú, á tún gbé gbẹ̀gìrì wọlé. Nígbà tó bá yá, ìrìn nìkan ló ń rìn, kò bu oúnjẹ mọ́. Oníbàárà á ní ìyá yìí mà lọ́ra o. Kò lọ́ra. Iṣẹ́ tó ń ṣe pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò kàn hàn nínú abọ́ ni. Ohun tí Windows ń ṣe gan-an nìyẹn. Bí RAM bá kún, á ya apá kan sọ́tọ̀ lórí hard disk, á máa kó ohun tí a kò lò lọ́wọ́ síbẹ̀, á sì máa sáré lọ gbé e bí a bá bèèrè. Kírí-kírí tí mo gbọ́ nìyẹn. Ìdí sì nìyẹn tí Disk fi wà ní 100%.

Ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn sì jìn. Láti mú nǹkan nínú RAM, ó tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Hard disk irú tiwa, tó ń yí bí àwo, máa ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó débi tí ohun náà wà. Létí ènìyàn, méjèèjì ló yá. Ṣùgbọ́n bí a bá fa àkókò gùn, tí a ní kí ti RAM jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti hard disk á ju ọjọ́ kan gbáko lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìrìn yẹn ló wà láàárín ẹsẹ orin kan sí èkejì.

Ìṣirò rẹ̀ ló tún yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ìdajì ni mo yọ. Windows fúnra rẹ̀ ti máa ń jókòó sórí tábìlì kí o tó ṣí ohunkóhun. Lórí ẹ̀rọ wa, ó ń jẹ bíi 2GB. Ẹ̀rọ tí kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀, bíi tiwa, tún máa ń yá díẹ̀ nínú RAM láti fi gbé àwòrán sójú rẹ̀. Nígbà tí a ní 8GB, nǹkan bíi 6 ló kù fún iṣẹ́. Nígbà tí a ní 4GB, èyí tó kù kò pé 2. Lójú èmi tí mo yọ ọ́, ìdajì ni. Lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ṣiṣẹ́, ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ.

Èyí tó tan mí jẹ jù ni pé ó tàn dáadáa lọ́jọ́ tí a yọ ọ́. Bí iṣẹ́ bá ṣì gbà lórí tábìlì, o lè má mọ ìyàtọ̀ rárá. Ọjọ́ tí tábìlì bá kún ni nǹkan ń yí padà lójijì. Orin kan ṣoṣo ni mo fi dán an wò, mo wá gbé ẹrù Sọ́ńdè lé e. Microsoft ní 4GB ni RAM tó kéré jù tí Windows 11 lè gbà. Kéré jù, ìyẹn ni pé ó máa tàn. Kò sọ pé ó máa gbé gbogbo ẹrù rẹ.

Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò lè dìde. Ibi tó wá sí mi lọ́kàn ni Ẹ́kísódù orí karùn-ún. Ẹ lọ kà á. Fáráò pàṣẹ pé kí wọ́n má fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní koríko mọ́, kí wọ́n lọ wá a fúnra wọn, ṣùgbọ́n kí iye bíríkì má dín. Wọ́n tú ká gbogbo ilẹ̀ Íjíbítì, wọ́n ń ṣa àkékù koríko. Bíríkì kò pé. Wọ́n na àwọn olórí iṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá ké pe ọba, ọ̀lẹ ló pè wọ́n.

Mo ti wàásù lórí ibẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Gbogbo ìgbà ni Fáráò máa ń jẹ́ ẹlòmíràn: ọ̀gá burúkú, ìjọba, ọ̀tá ilé. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni mo rí ara mi lórí ìtẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo gba koríko. Èmi ni mo ní kí bíríkì pé. Ọmọ tó ń dé ní agogo mẹ́fà àárọ̀ láti ṣa àkékù koríko, èmi ni mo pè é ní ọ̀lẹ, lórí máìkì.

Mi ò dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ mọ ohun tí Olúwa wa sọ nínú Mátíù orí karùn-ún nípa ẹni tó gbé ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní ẹ̀dùn sí òun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wàásù lọ́jọ́ kejì? Èmi àti ìyàwó mi wọ Micra lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé omi fún wa. Mo ní kí ìyá náà jókòó, kó gbọ́.

Mo ní, "Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n yọ RAM lára ẹ̀rọ yẹn. Mi ò sọ fún ọ. O wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́. Mo dójú tì ọ́ lórí ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Mo tọrọ àforíjì."

Kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Dádì, mo ti ń rò pé orí mi ni kò pé. Mo ti wo oríṣiríṣi fídíò lórí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo tún gbààwẹ̀. Mo ní bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí mo dá tí mi ò mọ̀." Omijé bọ́ lójú ìyàwó mi. Èmi náà, kí n má parọ́.

Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa pé a wá. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, ẹ má bínú, orí máìkì ni ẹ ti sọ ọ́ o."

Òótọ́ ni. Níbi tí mo ti ba orúkọ jẹ́, ibẹ̀ náà ló yẹ kí n ti tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó ṣí Bíbélì, mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí máìkì, mo sì bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo ìjọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, ẹnjiníà kò tíì dé, 4GB náà ni a ṣì ní. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ohun tí a máa ṣe: bí kò bá sí koríko, ẹ dín bíríkì kù. A ti íntánẹ́ẹ̀tì pa lórí ẹ̀rọ náà, fóònù ni a fi gbé ìsìn sórí Facebook. A fi gbígba fídíò sílẹ̀. Orin àti Bíbélì nìkan ni kọ̀ǹpútà gbé. Ẹ̀yin ará, kò fà mọ́. Ẹ̀rọ kan náà, RAM tí a ti gé kan náà.

Ọlọ́gbọ́n ti lo irú ọgbọ́n yìí ṣáájú wa. Ní July 20, 1969, nígbà tí Neil Armstrong àti Buzz Aldrin ń sọ̀kalẹ̀ sórí òṣùpá, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ké pẹ̀lú nọ́ńbà 1202. Àyè tó ń lò fún iṣẹ́ ti tán. Gbogbo mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́ nǹkan bíi 4KB, èyí tí 4GB fi ìlọ́po tó mílíọ̀nù kan jù lọ. Rédà kan tí wọn kò nílò fún ìsọ̀kalẹ̀ ló ń gbé iṣẹ́ àfikún lé e. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ètò rẹ̀, lábẹ́ Margaret Hamilton ní MIT, ti ṣètò rẹ̀ pé bí àyè bá tán, kó ju iṣẹ́ tí kò pọn dandan sílẹ̀, kó di èyí tó ṣe kókó mú. Ó jù wọ́n sílẹ̀, ọkọ̀ sì balẹ̀ láyọ̀. Àwọn yẹn mọ bí tábìlì wọn ṣe kéré tó. Èmi gé tábìlì tán, mo ń ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnjiníà dá ẹyọ 4GB padà sáyè rẹ̀. Mo lọ sí Ìwó Road, mo ra òmíràn fún ọ́fíìsì. Ẹ fẹ́ mọ ohun tó dùn mí? Owó rẹ̀ kò tó owó ìpápánu tí a fi ṣe àlejò lọ́jọ́ ayẹyẹ.

Fún ẹ̀yin tí kọ̀ǹpútà yín ń fà, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi:

1. Ẹ wo Task Manager kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí Memory bá wà lókè 90, tí Disk sì wà ní 100, tábìlì ló kéré.

2. Ẹ ti ohun tí ẹ kò lò pa, pàápàá ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ṣí sílẹ̀ lójú mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gba àyè.

3. Pípa fọ́tò àti fídíò rẹ́ kì í fi kún RAM. Àfi bí hard disk bá ti kún bámúbámú nìkan ló lè ràn yín lọ́wọ́ díẹ̀.

4. Bí ẹ bá fẹ́ ra RAM, ẹ mọ irú tí ẹ̀rọ yín ń lò. DDR3 kì í wọ àyè DDR4. Ti laptop kì í wọ inú desktop.

5. Ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, kí ẹ tó ṣí i. Etí RAM ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan àwọn irin aláwọ̀ wúrà ìsàlẹ̀ rẹ̀.

6. SSD máa ń mú kí yàrá ẹ̀yìn sún mọ́ tábìlì, ó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n kò sọ tábìlì di ńlá.

Ti ẹ̀rọ nìyẹn. Ti ènìyàn ńkọ́?

Baba ilé, o dín owó oúnjẹ kù, o ní kí ọbẹ̀ má yí padà. Nígbà tí ẹran kéré, o ní ìyàwó rẹ kò mọ nǹkan tọ́jú. Ọ̀gá níbi iṣẹ́, ènìyàn mẹ́ta lọ, o kò gba ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, ẹnìkan tó kù ló ń ṣe ti gbogbo wọn, o wá kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i pé ó ń fà. Ìyá, ọmọ náà ń jí ní agogo mẹ́rin, ó ń pọn omi, ó ń kiri ọjà kó tó lọ sílé ìwé, o ní ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé. Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹgbẹ́ mi, ẹ ò rí bí a ṣe ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ wa?

Kí o tó pe ènìyàn ní ọ̀lẹ, bi ara rẹ ní ìbéèrè kan: kí ni mo yọ lọ́wọ́ rẹ̀? Bí o bá ti rí i, ohun méjì ló wà níwájú rẹ. Dá koríko padà, tàbí kí o dín bíríkì kù. Bí o kò bá lè ṣe méjèèjì, ó kéré tán, sọ òótọ́ fún un pé ìwọ lo gbà á, kó má bàa máa wá ẹ̀ṣẹ̀ nínú ara rẹ̀.

Àwọn kan ti bi mí bóyá arábìnrin wa ti padà sídìí ẹ̀rọ. Rárá o. Ó ń wá sí ìsìn, ó ń kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ méjì ní iṣẹ́ náà ní Sátidé. Ṣùgbọ́n Sọ́ńdè, àárín ìjọ ló ń jókòó sí. Mi ò ní fi agbára mú un. RAM ni wọ́n ń yọ tí wọ́n ń dá padà ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọkàn ènìyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Baba, dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹ̀bi wa lé ẹlòmíràn lórí. Là wá lójú kí a rí ohun tí a gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́. Wo ọkàn tí a ti ṣá lọ́gbẹ́ sàn. Fún wa ní ẹnu tó lè sọ pé "èmi ni mo jẹ̀bi". Ní orúkọ Jésù.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kọ Àmín sísàlẹ̀. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti wá sí ọ lọ́kàn bí o ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, pe onítọ̀hún ná, kí o tó wá kọ Àmín.